Ojú Àgbàrá Ìlú Jẹ́ Igi Kan Ṣoṣo

Àwọn àgbà wa ni ó sọ pé, àbàtà ta kété bí ẹni pé kò bá odò tan. Ọ̀rọ̀ tí a mú wá síwájú yín lónìí kò ju àlàyé òwe náà lọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kò sí gọ́tà kan, kò sí kòtò kan, kò sí àbàtà kan ní ìlú Ìbàdàn tí ó dá wà fún ara rẹ̀. Ìbátan ń bẹ láàrin gbogbo wọn, ẹni tí kò bá sì mọ ìbátan náà kò lè tún wọn ṣe, bí ó tilẹ̀ ná gbogbo owó tí ó wà ní àpò ìjọba.

Kò yẹ kí a tún máa ròyìn fún ará Ìbàdàn ohun tí ojú Ìbàdàn ti rí, ṣùgbọ́n nítorí àwọn ọ̀dọ́ tí ń ka ìwé yìí, a ó rán ara wa létí. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún kọjá bèbè rẹ̀ lẹ́yìn òjò ńlá. Ó wọ ilé, ó wọ ọjà, ó gbé ọkọ̀ àti ènìyàn lọ. Ẹ̀mí tí ó ṣòfò ju 100 lọ. Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, òjò mìíràn tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ mílímítà 187.5 rọ̀ láti ìrọ̀lẹ́ wọ alẹ́. Àwọn afárá wó lulẹ̀, ti Apẹ̀tẹ̀ wà lára wọn. Ìsédò Ẹlẹ́yẹlé, tí a parí ní 1942, bàjẹ́. Ẹ̀mí tí ó ṣòfò tún ju 100 lọ. Ọmọ tí a bí ní ọdún Ògùnpa ti di bàbá tàbí ìyá ọmọ kí èkejì tó dé. Ọdún 31 kò kéré fún ìlú kan láti fi kọ́ ẹ̀kọ́ kan.

A kò sọ pé ìjọba jókòó lásán. Lẹ́yìn 1980 a fi kọnkéré kọ́ ojú odò Ògùnpa ní ọ̀pọ̀ ibi. Ní 2014 Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí owó yíyá mílíọ̀nù dọ́là 200 fún ìdènà omíyalé ní Ìbàdàn, ṣíṣe ìlànà àgbà fún ojú àgbàrá ìlú sì wà lára iṣẹ́ náà. A dúpẹ́ fún ìwọ̀nyí. Ohun tí a ń bá wí ni ìwà tí àwa ará ìlú fi ń tọrọ gọ́tà. Àdúgbò kọ̀ọ̀kan ń tọrọ tirẹ̀ bí ẹni tí ń tọrọ kànga. Agbaṣẹ́ṣe a sì bẹ̀rẹ̀ láti iwájú ilé ẹni tí ohùn rẹ̀ ga jù, a gbẹ́ ẹ lọ títí dé ibi tí owó ti tán. Ibi tí owó ti tán náà ni omi ti ń dúró, ibẹ̀ ni ó sì ti ń yà sí ilé ẹlòmíràn. Gọ́tà tí a kò mọ ìpẹ̀kun rẹ̀ kì í ṣe gọ́tà. Ìbọn ni, aládùúgbò tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ni a sì kọ ẹnu rẹ̀ sí.

Ẹ̀kọ́ kan wà tí ó lè gbà wá lọ́wọ́ ìwà yìí. Àwọn Òyìnbó ń pè é ní graph theory. Àwa yóò pè é ní ẹ̀kọ́ kókó àti okùn. Kí orúkọ rẹ̀ má ṣe dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni, nítorí inú ìlú tí odò là kọjá ni ẹ̀kọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ìlú náà ni Königsberg, tí ó wà lábẹ́ Prussia nígbà náà, tí ó sì ń jẹ́ Kaliningrad lábẹ́ Rọ́ṣíà lónìí. Odò Pregel pín in sí ilẹ̀ 4, afárá 7 ni ó sì so àwọn ilẹ̀ náà pọ̀. Àwọn ará ìlú a máa bi ara wọn léèrè bóyá ènìyàn lè jáde nílé, kí ó gba orí afárá méjèèje kọjá, láì gba ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbìyànjú, kò sí ẹni tí ó rí i ṣe, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ ìdí rẹ̀.

Leonhard Euler, ọmọ ilẹ̀ Switzerland tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Rọ́ṣíà, ni ó já ọ̀rọ̀ náà ní 1736, kò sì rin ìrìn ẹsẹ̀ kan láti já a. Ó ní gígùn afárá kò já mọ́ nǹkan, bẹ́ẹ̀ ni títóbi ilẹ̀. Ohun tí ó já mọ́ nǹkan ni iye afárá tí ó kan ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀ tí ènìyàn bá wọ̀ ni ó gbọ́dọ̀ jáde nínú rẹ̀, afárá kan fún wíwọ̀, òmíràn fún jíjáde. Nítorí náà iye afárá ibẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣeé pín sí méjì-méjì, àfi ibi tí ìrìn ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó parí sí. Ṣùgbọ́n ní Königsberg, afárá 5 ni ó kan ilẹ̀ kan, afárá 3 sì ni ó kan ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́ta yòókù. Kò sí èyí tí ó ṣeé pín sí méjì-méjì nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìrìn náà kò lè ṣeé ṣe láéláé.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣàkíyèsí ohun tí ọkùnrin yìí ṣe. Ó bọ́ aṣọ lára ìlú náà, ó yọ ilé, ọjà àti ògiri kúrò, ó sì fi ohun méjì péré sílẹ̀: àwọn ibi tí nǹkan ti pàdé, àti àwọn ohun tí ó so wọ́n pọ̀. Èkínní ni a ń pè ní kókó, èkejì ni okùn. Apẹja tí ó ti tún àwọ̀n ṣe rí mọ ohun tí a ń wí. Kò sí apẹja tí ń bèèrè bí òwú àwọ̀n rẹ̀ ti pupa tó. Kókó tí ó tú àti okùn tí ó já ni ó ń wá.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a mú ẹ̀kọ́ náà bọ̀ wá sílé. Níbikíbi tí gọ́tà méjì bá ti pàdé, kókó ni ibẹ̀. Ẹnu ihò tí omi ń gbà kọjá lábẹ́ ọ̀nà, kókó ni. Ibi tí gọ́tà ti wọ inú odò, kókó ni. Gọ́tà tí ó so kókó kan mọ́ òmíràn ni okùn. Ṣùgbọ́n okùn yìí yàtọ̀ sí ti àwọ̀n apẹja ní ọ̀nà kan: ó ní orí, ó sì ní ìdí, nítorí omi kì í gun òkè. Bí a bá sì tẹ̀lé àwọn okùn náà láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, a ó rí i pé méjì a máa di ọ̀kan, ọ̀kan náà a tún bá òmíràn pàdé, títí gbogbo wọn yóò fi wọ ẹnu kan ṣoṣo. Nítorí náà ojú àgbàrá ìlú kì í ṣe àwọ̀n, igi ni. Ewé rẹ̀ wà ní iwájú ilé olúkúlùkù wa, ẹ̀ka rẹ̀ wà ní àdúgbò, ìdí rẹ̀ sì wà ní odò.

A ó fi àpẹẹrẹ kékeré kan là á yé. Ẹ jẹ́ kí a rò ó pé àdúgbò kan ní kókó 7. Omi kókó kìíní àti ìkejì pàdé ní ìkẹta. Omi kókó kẹrin àti ìkarùn-ún pàdé ní ìkẹfà. Omi ìkẹta àti ìkẹfà pàdé ní ìkeje, níbi tí ihò kan wà lábẹ́ ọ̀nà tí gbogbo rẹ̀ ń gbà bọ́ sínú odò. Bí òjò bá rọ̀, kókó mẹ́rin tí ó wà lókè pátápátá ń mú àgbá omi 10 wá ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Kókó kẹta yóò gba àgbá 20, ìkẹfà yóò gba 20, ìkeje yóò gba 40. Bí ihò abẹ́ ọ̀nà bá lè gba àgbá 30 péré ní ìṣẹ́jú kan, àgbá 10 yóò kù sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Bí òjò náà bá rọ̀ fún wákàtí kan, àgbá 600 ni yóò wá ilé tí yóò wọ̀.

Láti inú àpẹẹrẹ yìí ni a ti lè kọ́ ohun mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ni a ń ṣe lòdì sí lójoojúmọ́.

Ohun kìíní ni pé àwọn kókó kò dọ́gba. Bí pàntí bá dí kókó kìíní, ìyà rẹ̀ kò ju ti ibẹ̀ lọ. Bí ó bá dí ìkẹta, kókó mẹ́ta ni yóò jìyà. Bí ó bá dí ìkeje, gbogbo méjèèje ni omi yóò mù. Ẹnikẹ́ni lè fi ìka ka iye kókó tí ó wà lókè kókó kọ̀ọ̀kan, iye náà ni yóò sì sọ fún wa ibi tí a ó kọ́kọ́ fi ọkọ́ sí. Ṣùgbọ́n kí ni àwa ń ṣe? Ní ọjọ́ ìmọ́tótó, olúkúlùkù a jáde, a gbá iwájú ilé rẹ̀, a sì padà wọlé ní ìtẹ́lọ́rùn. Ìkeje kò ní ilé níwájú rẹ̀, nítorí náà kò ní olówó, kò ní agbálẹ̀. Kókó tí ó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn ni kò jẹ́ ti ẹnìkan.

Ohun kejì ni pé igi kò ní ọ̀nà àbùjá. Àwọn onímọ̀ ẹ̀kọ́ yìí ní orúkọ fún okùn tí ó jẹ́ pé bí ó bá já, nǹkan pín sí méjì tí kò tún lè bá ara wọn pàdé mọ́: wọ́n ń pè é ní afárá. Àwọn ará Apẹ̀tẹ̀ kò nílò olùkọ́ láti túmọ̀ ọ̀rọ̀ yìí fún wọn, nítorí nígbà tí afárá wọn lọ ní 2011, wọ́n mọ ohun tí ó jẹ́ kí á gé ènìyàn kúrò lára ìlú. Nínú àwọ̀n, bí okùn kan bá já, òmíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nínú igi, gbogbo okùn ni afárá. Èyí ni pé kò sí gọ́tà kan ní ìlú tí a lè fojú tẹ́ńbẹ́lú pé bí ó bá di, omi yóò wá ọ̀nà mìíràn gbà. Ọ̀nà mìíràn tí omi yóò gbà ni yàrá rẹ, ìwọ tí ń ka ìwé yìí.

Ohun kẹta ni pé ibi tí ó há jù ni ó ń ṣe ìdájọ́. Ní 1956 ni àwọn ọmọ Amẹ́ríkà méjì, Ford àti Fulkerson, tẹ òfin rẹ̀ jáde. Wọ́n ní bí a bá fi ọ̀bẹ gé irú iṣẹ́ okùn bẹ́ẹ̀ sí méjì, tí orísun wà ní apá kan, tí ìpẹ̀kun sì wà ní apá kejì, a ó ka àpapọ̀ ohun tí àwọn okùn tí ọ̀bẹ gé lè gbà. Nínú gbogbo ọ̀nà tí a lè gbà gé e, èyí tí àpapọ̀ rẹ̀ kéré jù lọ ni iye tí ó lè kọjá láti orísun dé ìpẹ̀kun. Kò lè lé ní ẹyọ kan. Ìyá arúgbó tí ń da epo sínú akèrègbè ti mọ èyí tipẹ́: bí ikùn akèrègbè ti tóbi tó kọ́ ni ó ń sọ bí epo yóò ti jáde, ọrùn rẹ̀ ni. Nínú àpẹẹrẹ wa, bí a bá fẹ gọ́tà kókó kìíní títí yóò fi tó ọ̀nà mọ́tò, tí a sì fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ dán, àgbá 600 náà kò ní dín. Ó tilẹ̀ lè pọ̀ sí i, nítorí omi tí ó ti ń rìn jẹ́jẹ́ yóò wá sáré, yóò sì bá ti àwọn yòókù pàdé ní ìkeje ní wákàtí kan náà. Owó ti lọ, a ti ge rìbọ́n, a ti ya fọ́tò, àwọn ará ìsàlẹ̀ sì ti wọ gàù.

Ohun kẹrin ni ti àbàtà tí a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ wa. Bí àbàtà kan bá wà ní ẹ̀bá kókó kẹfà, tí ó ń gba àgbá 10 mọ́ra ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan nígbà tí òjò ń rọ̀, tí ó sì ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nígbà tí òjò bá dá, àgbá 30 péré ni yóò dé ìkeje. Ihò náà yóò gbà á. Ẹnikẹ́ni kò ní rin nínú omi. Àbàtà tí kò ná ìjọba ní kọ́bọ̀ ti ṣe iṣẹ́ tí ó ju ti kọnkéré lọ. Irú àbàtà wọ̀nyí ni a ti da yanrìn dí, tí a pín sí púlọ́ọ̀tì, tí a sì tà. A kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ̀ pé ìwé tita ilẹ̀ ẹbí kò lè jáde láìsí ọwọ́ àgbà ẹbí nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí a wà ní ipò ọlá ju bí ó ti kan ọmọdé tí ń ju ọ̀rá omi sínú gọ́tà lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àpẹẹrẹ kókó 7 kéré jù fún ìlú ńlá. Àwọn onímọ̀ nípa odò ń lo ọgbọ́n yìí kan náà fún gbogbo odò ayé. Robert Horton fi ọ̀nà tí a fi ń to ipò odò lélẹ̀ ní 1945, Arthur Strahler sì tún un ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Odò tí kò ní ẹ̀ka jẹ́ onípò kìíní. Bí onípò kìíní méjì bá pàdé, wọ́n di onípò kejì. Bí onípò kejì méjì bá pàdé, wọ́n di onípò kẹta. Ṣùgbọ́n bí onípò kìíní bá wọ inú onípò kejì, ipò rẹ̀ kò yí padà, gẹ́gẹ́ bí àlejò kan tí ó wọ ààfin kò ti sọ ààfin di méjì. Ní ìwọ̀n yìí, Ògùnpa jẹ́ odò onípò kẹta. Gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 12.76, ilẹ̀ tí òjò rẹ̀ ń ṣàn wọ inú rẹ̀ sì jẹ́ kìlómítà onígun mẹ́rin 54.92. Odò kékeré ni, ẹ̀yin ènìyàn wa. Ẹni tí ó bá fo Ògùnpa kọjá ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lè fi í rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí òjò mílímítà 187.5 bá rọ̀ sórí gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kan, omi tí ó bọ́ sílẹ̀ ju bílíọ̀nù lítà 10 lọ. Láyé àtijọ́ ilẹ̀ àti igbó a mu púpọ̀ nínú rẹ̀. Lónìí, páànù ni òrùlé, sìmẹ́ńtì ni àgbàlá, ọ̀dà ni ojú ọ̀nà. Gọ́tà ni gbogbo wọn sì ń da omi sí.

Àwọn kan yóò sọ pé, Kí ni a fẹ́ fi ìṣirò ṣe? Pàntí ni ó ń dí gọ́tà. Ẹ jẹ́ kí a fi ọlọ́pàá mú àwọn tí ń da pàntí. A kò jiyàn. Pàntí burú, ẹni tí ń dà á sínú odò sì yẹ ní ìjìyà. Ṣùgbọ́n bí ìjọba ìbílẹ̀ bá ní òṣìṣẹ́ 100 àti oṣù kan kí òjò tó dé, tí gọ́tà ìlú sì jẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ibo ni kí wọ́n kọ́kọ́ lọ? Ìbínú kò lè dáhùn ìbéèrè yẹn. Kíka kókó ni ó lè dáhùn rẹ̀.

Àwọn mìíràn yóò sọ pé Ọlọ́run ni ó ń rọ òjò. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run kọ́ ni ó fọwọ́ sí ìwé àṣẹ ìkọ́lé.

Ó yẹ kí a sọ ibi tí agbára ẹ̀kọ́ náà mọ pẹ̀lú, kí a má ba à tan ẹnikẹ́ni jẹ. Àwòrán kókó àti okùn kò lè sọ ọjọ́ tí òjò yóò rọ̀. Bí a kò bá sì wọn fífẹ̀ gọ́tà àti bí ilẹ̀ ti dagẹ̀rẹ̀ sí, tí a kọ ìwọ̀n náà sára okùn kọ̀ọ̀kan, àwòrán náà kò ju eegun tí kò ní ẹran lọ. Ohun mìíràn tún ni pé ní ọjọ́ omíyalé, omi a máa jáde kúrò nínú gọ́tà, a sì sọ ojú ọ̀nà di odò. Okùn tuntun ti yọ nìyẹn tí kò sí nínú àwòrán. Nítorí náà àwọn ọlọ́gbọ́n a máa ya ojú ọ̀nà mọ́ gọ́tà. Ètò kọ̀ǹpútà wà fún gbogbo èyí. Ọ̀kan nínú wọn ni SWMM, tí àwọn ará Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í lò láti nǹkan bí 1971, tí ìjọba wọn sì ń fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Kókó àti okùn ni ètò náà fi ń rò gbogbo ìrònú rẹ̀. Àwọn ọmọ wa tí ń kọ́ṣẹ́ ẹnjiníà mọ̀ ọ́n. Ohun tí ó kù ni kí àwa àgbà fún wọn ní ohun tí wọn yóò fi sínú rẹ̀.

Kí ni ohun náà? Ìmọ̀ ilẹ̀ ni. Sátẹ́láìtì lè rí òrùlé láti òkè ọ̀run, ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé odò kan wà ní ẹ̀yìn ilé lágbájá kí a tó fi yanrìn bò ó. Baálé mọ̀. Ìlànà àgbà tí àwọn onímọ̀ ṣe lè mú Ògùnpa, Kúdẹtì, Ògbèrè àti Odò Ọ̀nà, ṣùgbọ́n ewé igi náà, èyíinì ni àwọn kòtò kéékèèké inú agboolé, kò sí ẹni tí ó mọ̀ wọ́n bí àwọn tí ń gbé ibẹ̀. Ní Dar es Salaam, ní ilẹ̀ Tansaníà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì àti ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ ní 2015 sí í rìn láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n ń ya gọ́tà àti ojú àgbàrá ìlú wọn sínú máàpù tí gbogbo ayé lè rí. Wọn kò ju wá lọ. Ohun tí ọmọ Tansaníà ṣe, ọmọ Ìbàdàn lè ṣe é.

Nítorí náà àwa ń fi ohun mẹ́rin lọ̀ yín.

Èkínní, kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan ya àwòrán kókó àti okùn tirẹ̀ kí òjò ọdún tó ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Kí àgbà méjì tí ó mọ ilẹ̀ bá ọ̀dọ́ mẹ́rin tí ó mọ ìwé rìn, kí wọ́n fún kókó kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, kí wọ́n sì fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà náà sí ara gọ́tà. Kókó tí ó ní orúkọ ni a lè bèèrè lọ́wọ́ ẹnìkan.

Èkejì, kí a so gbogbo àwòrán wọ̀nyí pọ̀ di ọ̀kan. Ìjọba ìbílẹ̀ 11 ni ó pín ilẹ̀ Ìbàdàn, ṣùgbọ́n omi kò dìbò fún ọ̀kankan nínú wọn. Gọ́tà tí ó bá kọjá láti ìjọba ìbílẹ̀ kan sí èkejì, kí ìwé àdéhùn wà lórí rẹ̀ tí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí, kí ẹni òkè má ba à tú omi rẹ̀ lé ẹni ìsàlẹ̀ lórí láì sọ.

Ẹ̀kẹta, kí a má ṣe tún bẹ̀rẹ̀ gọ́tà kankan láti òkè mọ́. Ẹnu odò ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, kí a sì máa bọ̀ wá sí òkè. Kí ìjòyè tàbí ọmọ ìgbìmọ̀ tí ó bá tọrọ gọ́tà fún àdúgbò rẹ̀ kọ́kọ́ fi ìka tọ́ka sí ìkeje tirẹ̀ lórí àwòrán, kí ó sọ iye omi tí ó ń gbà, àti iye tí yóò gbà lẹ́yìn tí a bá parí iṣẹ́. Bí kò bá lè sọ ọ́, kí owó náà dúró.

Ẹ̀kẹrin, èyí sì ni ó nira jù, kí ẹ̀yin mọ́gàjí dáwọ́ tita bèbè odò àti àbàtà dúró. A mọ̀ pé ilẹ̀ ni ọrọ̀ ẹbí. A mọ̀ pé owó ilé-ìwé ọmọ ti ti inú rẹ̀ jáde, àti owó ìsìnkú bàbá. Ṣùgbọ́n ẹni tí a ta kókó kan fún kò ra ilẹ̀. Ó ra ewu, kì í sì í ṣe fún ara rẹ̀ nìkan. Òfin wà lórí bí ilé ti gbọ́dọ̀ jìnnà sí odò tó, ṣùgbọ́n òfin kì í gbé àdúgbò. Àgbà ni ó ń gbé ibẹ̀. Bí ẹbí kan bá sọ pé a kò ní ta ọgbun yìí, pé a ó fi í sílẹ̀ fún ewéko àti pápá ìṣeré àwọn ọmọdé, kí ìgbìmọ̀ ìlú bu ọlá fún ẹbí náà ní gbangba, kí ìjọba sì fi nǹkan tù wọ́n nínú. Ẹbí bẹ́ẹ̀ ti ṣe ju ẹni tí ó kọ́ afárá lọ.

Àwọn baba ńlá wa kò mọ orúkọ ẹ̀kọ́ yìí, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ìwà rẹ̀. Wọ́n kọ́lé sí orí òkè Màpó àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀ fún omi àti fún oko àkùrọ̀. Wọ́n mọ ìdílé tí odò kọ̀ọ̀kan ti wá, bí wọ́n ti mọ ìdílé ọkọ ìyàwó kí wọ́n tó fún un ní ọmọ. Àwa tí a ka ìwé ni a gbàgbé ìdílé omi, tí a fi igbá kan gbé òkè, tí a fi igbá mìíràn gbé ìsàlẹ̀.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Oṣù Kẹjọ ń bọ̀ lọ́dọọdún, kì í bèèrè bí a ti múra tó. Ẹ jẹ́ kí a jókòó, kí a ya igi náà sórí ìwé, kí a ka kókó rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a sì mọ ẹni tí yóò dáhùn fún ìkeje. Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí á tún gbọ́ igbe òru bí ti 1980 àti 2011 ní ìlú Ìbàdàn mọ́. Kí àwa pẹ̀lú má sì ṣe jẹ́ ẹni tí yóò fa igbe náà.